Ọ̀nà tí ọmọdé òṣèré ń gbà dé inú ọkọ̀ ojú sánmà

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Àlájà kan tí ó ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá bá mi nílé ní Tańkẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà. Kí n tó gbé àga fún ìyá rẹ̀, ó ti gun orí bẹ́ǹṣì tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń fi ẹnu kùn bí ẹ́ńjìnnì. Lójijì ó ju ara rẹ̀ sápá kan, ó ní òkúta ojú ọ̀run ti kọlu àwọn.

"Tíṣà, ẹ wò ó fúnra yín," ni ìyá rẹ̀ wí. "Láti àárọ̀ títí di ìgbà tí iná bá lọ, bó ṣe ń ṣe nìyí. Ọkùnrin kan wá sọ fún mi pé òun lè mú un dé Amẹ́ríkà, kó máa ṣe eré àwọn tó ń gbé ojú sánmà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí n kọ́kọ́ mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà wá, owó fọ́ọ̀mù. Ẹ má bínú o, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé wọ́n máa ń gbé ọmọ lọ sókè lóòótọ́ ni? Ilé ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ta ló sì ń gba owó tó bá ṣiṣẹ́?"

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré orí ìtàgé lọ́jọ́ Sátidé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ irú ìbéèrè báyìí, ní Ìlọrin níbí àti nígbà tí mo bá lọ sílé ní Òmù-Àrán. Ìparí iṣẹ́ nìkan ni àwọn òbí ń rí. Wọ́n ń rí ọmọ nínú ọkọ̀ tí ń tàn yanran láàárín àwọn ìràwọ̀, wọn kò rí ọdún mẹ́rin, márùn-ún tí ó ṣáájú. Mo dá arábìnrin náà lóhùn lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi kò kún tó. Èyí tí ó kún ni mo jókòó kọ síbí.

Eré àròsọ onísáyẹ́ǹsì, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sáì-fáì, ni eré tí a gbé karí ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lè mú wá lọ́la, tàbí tí a rò pé ó lè mú wá: ọkọ̀ tí ń lọ sí ìràwọ̀ mìíràn, ẹ̀rọ tí ń ronú bí ènìyàn, ẹ̀dá tí kì í ṣe ọmọ ayé yìí. Nínú àwọn fíìmù wa tí iwin àti àjẹ́ ti ń jà, ògùn tàbí ẹ̀mí ni agbára ti ń wá. Nínú ti àwọn wọ̀nyí, ẹ̀rọ ni wọ́n á ní ó fà á.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan ṣoṣo, kí a tẹ̀lé e. Bill Mumy ni orúkọ rẹ̀, ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní 1954. Bí ọmọ orí bẹ́ǹṣì mi gẹ́lẹ́ ni òun náà ṣe rí. Ní kékeré, ó ń ṣe bíi Zorro, akọni onídà abojú tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà náà. Ó fò bọ́ sílẹ̀ láti orí ibùsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n fi POP di ẹsẹ̀ náà. Ọmọ tí kò lè sáré mọ́, kí ló kù fún un bí kò ṣe tẹlifíṣọ̀n? Ibi tí ó jókòó sí tí ó ń wò ó ló ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé inú àpótí yẹn ni òun fẹ́ wà. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ti ń gba owó iṣẹ́.

Nínú eré tẹlifíṣọ̀n, àwọn òṣèré kan jẹ́ onílé, àwọn kan jẹ́ àlejò. Onílé ni ẹni tí ẹ máa ń rí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kó gbogbo sáà pọ̀. Àlejò ni ẹni tí ó wá fún ọ̀sẹ̀ kan: ọmọ aládùúgbò, ọmọ tí ó sọnù, ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ṣe tirẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Láti ìgbà tí Mumy ti bẹ̀rẹ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, iṣẹ́ àlejò ló pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń ṣe.

Kí ó sì tó gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ní láti lọ ṣe ọdíṣọ̀n. Yàrá kan, tábìlì kan, àgbàlagbà bíi mẹ́ta tí ojú wọn le. Wọ́n á fún ọmọ ní ojú ewé kan tàbí méjì, ẹnì kan á máa ka ọ̀rọ̀ àwọn yòókù gbuurugbu láìsí adùn kankan nínú rẹ̀, ọmọ á sì dá a lóhùn bí ẹni pé ìyá rẹ̀ gan-an ló ń bá a sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Àwọn ọmọ mìíràn jókòó sọ́nà ilẹ̀kùn tí wọ́n ń retí tiwọn. "Rárá" ni ọmọ máa ń gbọ́ jù. Òbí tí kò bá lè mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé lẹ́yìn "rárá" kẹwàá láìbínú sí i, kí ó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1961 ni ọ̀nà Mumy bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ibi tí à ń lọ. Alfred Hitchcock, olùdarí eré adẹ́rùbani tí gbogbo ayé mọ̀, fi í ṣe ọmọ kan tí ó ń gbé ìbọn gidi kiri àdúgbò, tí ó rò pé ìbọn ìṣeré ni. Lọ́dún kan náà ó dé The Twilight Zone, ètò kan tí ó máa ń sọ ìtàn àràmàǹdà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é síbẹ̀ láàárín 1961 sí 1963. Nínú èyí tí àwọn ènìyàn rántí jù, ó ṣe ọmọ ọdún mẹ́fà kan tí ohun tí ó bá ti rò lọ́kàn máa ń ṣẹ. Bí o bá mú un bínú, á fi èrò gbé ọ jù sínú oko àgbàdo, ó di gbére. Gbogbo ìlú wá ń rẹ́rìn-ín sí i tipátipá, wọ́n ń sọ fún un pé ohun gbogbo tí ó bá ṣe ló dára.

Mo ti fi eré yẹn han àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, mo sì ní kí wọ́n wo ojú Mumy nìkan. Ìwọ̀nba ni ìdán kámẹ́rà tí ó wà níbẹ̀. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani ni pé ọmọ náà ń wo àgbàlagbà láìṣẹ́jú, àgbàlagbà náà sì ń làágùn. Ọmọ tí ó bá lè fi ojú lásán jẹ́ kí ẹ gbà pé agbára kan wà nínú òun, ẹ gbé e sínú ọkọ̀ ojú sánmà tí a fi páálí ṣe, ẹ ó gbàgbé pé páálí ni.

Àwa ará Kwara Gúúsù kò ṣàjèjì sí irú ìkọ́ṣẹ́ báyìí. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, ọmọ tí a bí sí ìdílé eégún aláré kì í ti ìdí agọ̀ òjòlá bẹ̀rẹ̀. Òkìtì títa ló kọ́kọ́ ń kọ́. Á máa ru ẹrù tẹ̀lé àwọn àgbà láti ìlú dé ìlú, á máa gbe orin, etí rẹ̀ á mọ ìgbà tí ìlù bá yí padà. Ọdún á gorí ọdún kí ó tó wọ agọ̀ tí yóò fi di òjòlá tàbí ọ̀nì lójú agbo. Ohun tí ó kù níbẹ̀, awo ni, n kò ní lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọdún òkìtì yẹn ni mo ń tọ́ka sí. Iṣẹ́ àlejò tí Mumy ń ṣe káàkiri, òkìtì tirẹ̀ nìyẹn.

Ní 1965 ó di onílé. Lost in Space ni orúkọ eré náà, Irwin Allen ló dá a sílẹ̀, iléeṣẹ́ CBS ló ń fi í hàn. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta gbéra láti ayé lọ́dún 1997, tí ó ṣì jẹ́ ọjọ́ iwájú nígbà náà, wọ́n dorí kọ ìràwọ̀ Alpha Centauri, wọ́n sì ṣìnà. Mumy ni àbíkẹ́yìn wọn, Will Robinson. Angela Cartwright tí ó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà ti ń ṣe eré láti kékeré, ó ti lo ọdún púpọ̀ nínú eré ìdílé lórí tẹlifíṣọ̀n kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí wọ́n wá fi ṣe bàbá wọn ni Guy Williams. Guy Williams yìí kan náà ni Zorro tí ọmọ ọjọ́sí ń fara wé tí ó fi ṣẹ́sẹ̀. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìgbà tí kò níye, wọ́n ṣì máa ń pariwo nígbàkígbà tí mo bá dé ibẹ̀.

Ibì kan wà tí ó máa ń dojú rú fún àwọn òbí: báwo ni eré ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ẹyọ kan ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe, páílọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Bí ìgbà tí aláṣọ-òkè bá hun díẹ̀ kí oníbàárà lè wo àwọ̀ rẹ̀ kí ó tó sanwó ìyókù ni. Bí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bá fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á ní kí iṣẹ́ máa lọ. Bí wọn kò bá fẹ́ràn rẹ̀, ó tán síbẹ̀, ọmọ tí ó ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé òun ti di ìlú-mọ̀ọ́ká á padà sí ọdíṣọ̀n. Nínú páílọ́ọ̀tì Lost in Space, kò sí Róbọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, níbẹ̀, kò sì sí Dókítà Smith, oníjìbìtì tí Jonathan Harris ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó fi wọ́n kún un. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì àti ọmọ yẹn ni wọ́n gba eré náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Sáà mẹ́ta ni wọ́n ṣe, apá 83 lápapọ̀, ó parí ní 1968.

Ọmọdé wúlò gan-an nínú irú eré yìí, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Òun ló máa ń béèrè ohun tí àwa tí a jókòó sílé fẹ́ béèrè. "Kí nìyẹn? Kí ló dé tí a ò lè padà sílé?" Bí ọ̀mọ̀wé inú ọkọ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀, yóò dà bí òpè. Bí ọmọ bá béèrè, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ìyá ọmọ bi mí. Wọn kì í gbé ọmọ lọ síbì kankan lókè. Inú gbọ̀ngàn ńlá kan ni ọkọ̀ náà wà, pákó ni, páálí ni, gílóòbù tí ń tàn tí ń kú ni. Bí òkúta bá kọlu ọkọ̀, kámẹ́rà ni wọ́n máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn òṣèré á sì ju ara wọn sápá kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá ṣubú sósì nígbà tí àwọn yòókù ṣubú sọ́tùn-ún, wọ́n á tún un ṣe.

Ti Róbọ́ọ̀tì ló wú mi lórí jù. Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Bob May ni orúkọ ẹni tí ó wọ agọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohùn tí ẹ̀ ń gbọ́ kì í ṣe ohùn Bob May. Ọkùnrin mìíràn, Dick Tufeld, ló sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ti ya eré tán, wọ́n sì fi rọ́pò. Ẹ wá ro ti ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó dúró níwájú àpótí irin. Kò rí ojú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn tí yóò wọ àwọn tí ń wòran lára kò tíì sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀ ó ní láti fẹ́ràn àpótí náà bí ọ̀rẹ́, kí ó sì bẹ̀rù pé nǹkan lè ṣe é.

Ti òde òní tún le sí i. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ọmọ, kọ̀ǹpútà ló máa fi àwọn ìràwọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀dá abàmì tí ọmọ ń sá fún lè jẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan lórí ọ̀pá, kí gbogbo wọn lè mọ ibi tí wọn yóò gbé ojú sí.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, mo mú agolo tòmátò òfìfo, mo dojú rẹ̀ bo orí igi mọ́ọ̀pù, mo gbé e ti ògiri. Mo sọ fún ọmọ náà pé ẹranko kan nìyí, ó ti ìràwọ̀ mìíràn wá, ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì gbọ́ Yorùbá. Kíá ló ti yọ ìka bí ìbọn. Mo ní kí ó má yìnbọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó yíjú wò mí bóyá ó dára. Ìgbà kejì, ó tún wò mí. Ìgbà kẹta, ìyá rẹ̀ ló wò. Mo ní, "Agolo ni kí o wò. Èmi ò sí níbí." Nígbà kẹrin, ó dákẹ́ pẹ́. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti agolo dọ́gba, ó wá fi ohùn kékeré béèrè pé, "Ṣé ebi ń pa ọ́?" Ìyá rẹ̀ tí ó ti ń tẹ fóònù láti ìgbà yìí gbé orí sókè.

Iṣẹ́ náà nìyẹn, gbogbo rẹ̀. Ọmọdé ti mọ̀ ọ́n ṣe kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ. Gbogbo ohun tí ó kù, wákàtí, ìwé kíkà, owó, ìwé àdéhùn, iṣẹ́ àgbà ni, ibẹ̀ ló sì ti máa ń bàjẹ́ nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Ní California, níbi tí ọ̀pọ̀ irú eré wọ̀nyí ti ń jáde, ọmọ kò gbọdọ̀ ṣe eré láìgba ìwé àṣẹ ìjọba. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún un gbà, ilé ìwé sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ọmọ ń ṣe dáadáa. Ọmọ ọdún 9 sí 15 kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 9 lọ ní lòkéṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ya eré, lọ́jọ́ tí ilé ìwé wà: 5 fún iṣẹ́, 3 fún ẹ̀kọ́, 1 fún ìsinmi. Ti ọmọ ọdún 6 sí 8 jẹ́ wákàtí 8, 4 péré sì ni iṣẹ́ nínú rẹ̀. Olùkọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí ó bá rí i pé ohun kan lè pa ọmọ lára, ó ní àṣẹ láti mú un kúrò níwájú kámẹ́rà, olùdarí eré ìbáà máa bínú. Ní ti ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọjọ́ 15 láyé, wákàtí 2 ló pọ̀ jù fún un níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ràn láti máa lo ìbejì fún ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo nínú eré. Bí Táíwò bá ti lo àkókò tirẹ̀ tán, Kẹ́hìndé á wọlé.

Ní ti owó, orúkọ tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ni Jackie Coogan. Òun ni ọmọ kékeré tí Charlie Chaplin fi ṣe The Kid ní 1921. Gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀, owó tí ó pa ní kékeré sì tó mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin dọ́là. Nígbà tí ó dàgbà tí ó béèrè owó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ ti ná èyí tí ó pọ̀ jù. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1938, ohun tí ó sì rí gbà kò ju nǹkan bí 126,000 dọ́là lọ, nítorí pé lábẹ́ òfin ìgbà náà, owó tí ọmọ bá pa, ti òbí ni. Inú bí àwọn aráàlú. Ní 1939, California ṣe òfin tí wọ́n ń fi orúkọ Coogan pè títí dòní. Òfin náà ní ihò púpọ̀ nígbà náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni wọ́n ti dí i: owó tí ọmọ bá pa, ti ọmọ ni, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ó kéré tán gbọ́dọ̀ lọ tààrà sínú àkáǹtì tí òbí kò lè fọwọ́ kàn, títí ọmọ á fi pé ọdún 18.

Àwọn báńkì wa náà ní àkáǹtì ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pa àwọn méjèèjì pọ̀. Èyí tí a ní níbí, òbí ló ń bójú tó o, òbí sì lè gba owó níbẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú. Ti Coogan, ìyá gan-an kò lè ṣí i.

Owó àtúnfihàn náà wà, èyí tí wọ́n máa ń san fún òṣèré bí wọ́n bá tún eré rẹ̀ gbé jáde. Nígbà Lost in Space, ìwọ̀nba àtúnfihàn díẹ̀ ni àdéhùn ń sanwó fún. Ìyẹn ni pé ẹ lè máa rí ojú ẹnì kan lórí tẹlifíṣọ̀n fún ogún ọdún, kí kọ́bọ̀ má sì wọlé fún un.

Àlájà, owó fọ́ọ̀mù yẹn wá ńkọ́? Aṣojú òṣèré gidi, ẹni tí ń bá ọmọ wá iṣẹ́, ń jẹ nínú ohun tí ọmọ bá pa ni, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wọ́pọ̀. Bí ọmọ kò bá tíì rí iṣẹ́, aṣojú náà kò tíì jẹun. Ní California, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba owó ṣáájú lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣèlérí láti bá wáṣẹ́ eré. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ mú àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún wá kí òun tó mọ orúkọ ọmọ yín, ẹ̀yin gan-an ni iṣẹ́ tí ó ń ṣe.

Ohun kan tún wà tí kò sí òfin tí ó lè dá a dúró: ọmọ á dàgbà. Nínú Stranger Things, eré sáì-fáì kan ti Netflix, ìtàn sáà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ti sáà karùn-ún bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Ọdún mẹ́rin nìyẹn nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n 2016 ni sáà àkọ́kọ́ jáde, 2025 ni ìkarùn-ún. Millie Bobby Brown tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú orí fífá ti lọ́kọ kí eré náà tó parí. Òun náà gba ọ̀nà àlejò kọjá nínú oríṣiríṣi eré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan gba orí ìtàgé: Caleb McLaughlin ti ṣe ọmọ kìnnìún nínú The Lion King ní New York, Gaten Matarazzo ti kọrin nínú Les Misérables. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn òbí tí wọ́n rò pé eré ilé ìwé kò já mọ́ nǹkan.

Àwọn kan sì wà tí eré sáì-fáì fún lókìkí tí ó tún fún wọn lọ́gbẹ́. Wil Wheaton ti ṣe fíìmù ńlá kan ní 1986 kí ó tó wọ Star Trek: The Next Generation ní 1987, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wesley Crusher tí ó ṣe jẹ́ ọmọ olóye tí ó máa ń gba àwọn àgbà sílẹ̀ nínú ewu. Ó sú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wòran, wọ́n sì kórìíra rẹ̀ ní gbangba. Àwọn àgbàlagbà ló kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí ọmọ náà lẹ́nu, ọmọ náà ni èébú bà. Ó kúrò níbẹ̀ ní 1990, ó di òǹkọ̀wé. Ní 2022 ó padà wọ aṣọ Wesley fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n.

Mumy kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn 1968 ó kọjú sí orin, ó ń ta gìtá, ó ń kọ orin sílẹ̀, ó sì ń ṣe eré díẹ̀díẹ̀. Ọdún 26 lẹ́yìn Lost in Space, ní 1994, ó padà sí ojú sánmà nínú Babylon 5. Lennier ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀dá kan tí orí rẹ̀ pá, tí eegun yọ bí adé sẹ́yìn orí rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ ò lè dá ọmọ ọjọ́sí mọ̀ lábẹ́ ohun tí wọ́n fi kùn ún. Ó ṣe é títí di 1998. Nígbà tí Netflix sì tún Lost in Space ṣe ní 2018, wọ́n pè é wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà Smith gidi ni wọ́n fi í ṣe, ẹni tí oníjìbìtì inú eré náà jí orúkọ rẹ̀ gbé.

Ní tiwa níbí, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ka fífi ọmọ ṣiṣẹ́ ìnilára léèwọ̀, Ìpínlẹ̀ Kwara sì ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i kí ó ka wákàtí lòkéṣọ̀n fún yín bíi ti California. Ẹ̀yin òbí ni kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí ọmọ tó gbéra: wákàtí mélòó lóòjọ́, ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀, ilé ìwé tí ó bá pàdánù ńkọ́, àkáǹtì wo ni owó ń lọ, orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀. Olóòótọ́ olùdarí eré kò ní bínú sí i. Mo ti bá àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i pàdé, mo sì ti bá èyí tí ó mú ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì mi lọ sí lòkéṣọ̀n láàárọ̀, tí ó dá wọn padà ní aago kan òru láìjẹun. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ kí ọmọ kankan lọ láìsí ìwé.

Iṣẹ́ sáì-fáì sì ti ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 2024, Disney gbé Iwájú jáde, eré àwòrán apá mẹ́fà nípa Èkó ti ọjọ́ iwájú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti Uganda ló dá iléeṣẹ́ Kugali tí ó bá wọn ṣe é sílẹ̀. Simisola Gbadamosi, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti ń ṣe eré láti kékeré, ló sọ ohùn Tọ́lá, ọmọbìnrin inú rẹ̀. Yàrá kékeré kan àti makirofóònù ni irú iṣẹ́ yẹn gbà. Ọmọ kò nílò físà.

Àlájà kò mú owó fọ́ọ̀mù lọ. Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, ọmọ náà wá sí kíláàsì pẹ̀lú páálí Indomie lórí, ó ti lu ojú méjì sí i. Kò sọ̀rọ̀ kankan. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sápamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ó ń fi ohùn kíkẹ̀ sọ pé: "Ewu wà o. Ewu wà." Páálí náà ń yíjú díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde.